Aṣọ, Pákó àti Awọ Elétí-Gígùn

Ọjọ́ kejì tí Gildas gbé Armelle wọ erékùṣù Groix nílẹ̀ Faransé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ni ẹnu ọmọbìnrin náà ti kó bá a. A jókòó yí tábìlì ká nílé ìyá Gildas, ọbẹ̀ ẹja gbígbóná wà níwájú wa, gbogbo àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ẹja Fauvette ló wà níbẹ̀, ọkọ tèmi Mathurin náà wà láàárín wọn. Wọ́n bi ìyàwó tuntun léèrè oúnjẹ tó mọ̀ ọ́n sè jù lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ehoro tí wọ́n fi wáìnì sè. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ gbogbo ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì. Ọ̀gá ọkọ̀ dìde, ó fọwọ́ kan irin ààrò kí ibi má bàa tẹ̀ lé e, ó sì bá tirẹ̀ lọ láì jẹun tán.

Èmi Soaz, aládùúgbò wọn, mo ti darúgbó báyìí, ẹsẹ̀ mi kò kan ọkọ̀ ojú omi mọ́, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan tí mo dárúkọ ẹranko yẹn yìí ti tó. Elétí-gígùn là ń pè é lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní láyé àtijọ́ ni wọ́n gbé e láàyè sínú ọkọ̀ kan, ó jẹ okùn tí wọ́n fi dí àárín pákó, ọkọ̀ náà sì rì tòun ti gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, n kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí apẹja kan ní Groix tí yóò gbà kí irun rẹ̀, awọ rẹ̀ tàbí orúkọ rẹ̀ wọ ilé òun. Ọmọ Lorient ni Armelle, ní òdìkejì omi. Bàbá rẹ̀ ló ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sára ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ibo ló ti fẹ́ mọ̀? Màmá Katell, ìyá Gildas, kò bá a jà. Ó kàn sọ fún un pé, “Ìyàwó, nínú ilé yìí, ẹnu la fi ń jẹun. A kì í fi pa ọkọ wa.”

Láti ọjọ́ náà ni Màmá Katell ti ń ṣọ́ ọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òkun ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ, Gildas nìkan ló sì kù fún un láyé. Ilé wọn kò ju yàrá méjì lọ, fèrèsé kan ló ní, ibùsùn Màmá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gan-an, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jáde á kọ́kọ́ kọjá níwájú rẹ̀. Bí ìgbà ẹja túnà bá dé, ọkọ̀ á lọ, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó padà, wọn kò sì ní í sùn nílé tó bó ṣe yẹ kí wọ́n tó tún ṣíkọ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá wà lókun kì í sì í wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́dọ̀ wa. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ló gbọ́dọ̀ wà lórí omi lẹ́ẹ̀kan náà. Armelle a máa gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé wọn, á máa wo èéfín Lorient lókèèrè, kò sì lè débẹ̀. Á sọ̀ kalẹ̀, á lọ wa ọ̀dùnkún, á pọn omi. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Àǹtí Soaz, mo ń mí o, àmọ́ afẹ́fẹ́ náà kì í délẹ̀ nínú mi.” Mo ní kó lọ mu kọfí. Mo rò pé àárò ilé ló ń ṣe é ni.

Ìgbà tó wá ṣe bí ọdún kan ààbọ̀ ni ọ̀nà là fún un. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Madame Ropartz fẹ́ ṣí òtẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀bá èbúté Lorient ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ó sì ń wá àwòrán tí yóò gbé kọ́ sí yàrá ìjẹun. Kò fẹ́ àwòrán ọkọ̀ tàbí ìgbì, ó ní ìyẹn ti sú àwọn àlejò. Àwọn nǹkan inú ọkọ̀ ló fẹ́, kí wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì kí wọ́n sì fi ọ̀dà olóròóró yà wọ́n: fìtílà, kọ́ńpáàsì, okùn, ìwọ̀. Bàbá Armelle ti sọ fún un pé ọmọ òun mọ irú rẹ̀ yà ju òun lọ. Madame ní kó ya ọ̀kan wá. Bí òun bá fẹ́ràn rẹ̀, òun á gbé ìyókù fún un, òun á sì fún un ní yàrá kan tó ní fèrèsé ńlá lókè òtẹ́ẹ̀lì, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Gildas kò jẹ́ kí wọ́n bẹ òun. Lójú gbogbo wa ló ti sọ ọ́ pé bí obìnrin yẹn bá gba àwòrán náà, tí ìgbà ẹja bá ti parí, àwọn á kó lọ sí Lorient, òun á máa ti ibẹ̀ lọ sókun. Màmá Katell kò sọ pé rárá. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo wa rí i. Ẹ mọ bí àgbàlagbà ṣe máa ń gbàdúrà tí kò fẹ́ kó gbà.

Ọkọ̀ lọ, Armelle dúró. Bàbá rẹ̀ di ẹrù ránṣẹ́ sí i: ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì, aṣọ ọ̀gbọ̀ tí wọ́n ti nà sórí igi, àti nǹkan kan nínú bébà, ó rí wẹ́wẹ́, ó pọ́n bí oyin. Màmá Katell ló tú ẹrù náà, òun ló ń tú gbogbo ẹrù tó bá wọ ilé yẹn. Ó bi í pé kí ni èyí. Armelle ní àtè ni, pé wọ́n á sè é, wọ́n á fi pa aṣọ kí ọ̀dà tó kàn án, torí bí òróró inú ọ̀dà bá kan aṣọ lásán, á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi gbó. Màmá tún bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe àtè náà. Ọmọbìnrin yẹn kò mọ irọ́ pa nígbà náà. Ó ní awọ ni. Màmá ní awọ kí ni. Ó wolẹ̀, ó sì yé Màmá pé awọ elétí-gígùn ni. Ó fi ẹ̀mú gbé bébà náà bí ẹni gbé òkú eku, ó gbé e dé ààtàn, ó wú ilẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì wẹ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ló wá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ aṣọ tí nǹkan kò ní í là kọjá ni Armelle ń wá, kí ló dé tí kò béèrè lọ́wọ́ òun? Ó gé lára ìgbòkun àtijọ́, ó rì í sínú òróró ọ̀gbọ̀, ó sì sá a sóòrùn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe ẹ̀wù òjò fún àwọn ọkọ wa. Ó ní, “Ẹ̀wù òjò tí mo fi òróró yìí ṣe fún bàbá Gildas, ó pẹ́ lára rẹ̀ ju ìgbéyàwó ẹlòmíràn lọ.” Armelle dúpẹ́, kí ni kó sọ? Ó ya fìtílà sórí rẹ̀. Aṣọ náà fa ọ̀dà mu títí ìmọ́lẹ̀ inú fìtílà fi kú. Ibi tí kò fà mu ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eruku bà lé e, irun ológbò bà lé e, ọ̀sẹ̀ lọ kò gbẹ. Ó ṣàlàyé fún mi pé òróró yẹn náà ló ń pa ẹ̀wù òjò wa, àwa ni a kò kíyè sí i torí ọdọọdún là ń ṣe òmíràn. Ta ló ń gbé ẹ̀wù òjò kọ́ sára ògiri de ọmọ ọmọ?

Ló bá wá pákó lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà ní èbúté fún un ní pákó igi óòkù láti ara ọkọ̀ tó ti fọ́, pákó tó dán, tó le. Kò pa àtè kankan sí i, ọ̀dà funfun ló fi tẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin. Ṣé ẹ mọ iye ọdún tí pákó yẹn ti lò nínú omi? Iyọ̀ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn síta bí ojú ọjọ́ ṣe tutù. Ọ̀dà lé ròrò, ó sì ń já bọ́ bí èépá. Pákó tuntun tí gbẹ́nàgbẹ́nà ní ṣì tutù, yóò ká kó tó di ọdún tó ń bọ̀. Gildas wá sùn nílé fún ọjọ́ méjì, ó rí aṣọ àti pákó tó bàjẹ́ náà, ó tún ṣíkọ̀. Oṣù Kẹjọ ti ń lọ sópin. Ohun tó kù fún un ò ju aṣọ ọ̀gbọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́, àmọ́ kò sí ohun tí yóò pa sí i.

Ó wá bá mi ní ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ lẹ́tà lọ sí Lorient bá òun gba irú àtè náà mìíràn lọ́wọ́ bàbá òun, ó gbé e mọ́ àyà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sè é nínú ilé mi.

Mo ní, “Ṣé orí rẹ pé? Inú ọkọ̀ yẹn lọkọ tèmi náà wà.”

Kò bẹ̀ mí. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó ní, “Àǹtí, tí mi ò bá kúrò nílé yẹn, màá kú síbẹ̀. Ẹ ò sì ní í mọ̀ pé mo ti kú, torí màá ṣì máa pọn omi wá.”

Mo wò ó. Ọmọ ọdún méjìlélógún, ọrùn rẹ̀ ti rí tẹ́ẹ́rẹ́. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí Màmá Katell, inú tún bí mi sí gbogbo elétí-gígùn tó wà láyé. Mo gbé ìkòkò fún un. Ó sè é lórí iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kò jẹ́ kó hó, ilé mi sì ń rùn bí ilé àwọn tó ń ṣe awọ. Nígbà tó ṣe tán, mo fẹ́ lọ sọ ìkòkò náà sínú òkun. Mo dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí ẹni tó wà lórí òkun, mo padà, mo rì í mọ́lẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn mi ló ti ya àwòrán náà, ó ń purọ́ fún Màmá Katell pé àwọ̀n ni òun ń bá mi tún ṣe. Irọ́ ti ń mọ́ ọn lẹ́nu. Mo máa ń yọjú wò ó. Fìtílà àtijọ́ Gildas ló gbé sáàárín, èyí tí dígí rẹ̀ sán. Kọ́ńpáàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àpótí igi, okùn tí wọ́n ká, àti ìwọ̀ túnà méjì tí wọ́n so háhá àgbàdo mọ́ kí ẹja lè rò pé oúnjẹ ni. Aṣọ náà gba ọ̀dà bí ilẹ̀ ṣe ń gba òjò. Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, mo na ọwọ́ sí ìwọ̀ kan kí n tó rántí pé àwòrán ni. Kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó jọ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwọn nǹkan náà kalẹ̀ ni, tó jáde lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo fi yìn ín ni. Ì bá sàn kí n ti di ẹnu mi.

A ní kó gbẹ díẹ̀ sí i kí ọkọ̀ lẹ́tà tó gbé e lọ. Láàárín ìgbà yẹn ni ìjì dé. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú oṣù Kẹsàn-án. Ó gbé òrùlé, ó wó ògiri oko, ọkọ̀ lẹ́tà kò lè rékọjá. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, òmíràn láìní òpó, òmíràn tí wọ́n ń fà bọ̀. Títí gbogbo wọn fi dé tán, a kò rí Fauvette.

Bí ọkọ̀ kan bá pẹ́, àṣà wa ni pé kí àwọn obìnrin rẹ̀ dúró ní ìparí èbúté, kí olúkúlùkù sì sọ ohun tó ṣe tí kò yẹ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. A kì í pariwo, a kì í bá ẹnikẹ́ni wí. Bí o bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí ọkọ̀ nìyẹn. Ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ ní òun súfèé pe ajá. Ẹnì kan ní òun kò dá ọkọ òun lóhùn lówùúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ. Èmi náà sọ nǹkan kékeré kan. Ẹ mọ èyí tí n kò sọ.

Ó wá kan Màmá Katell. Ó ti di ìborùn rẹ̀ pinpin, ojú òkun ló ń wò. Ó ní, “Mo gbàdúrà kí obìnrin Lorient yẹn má fẹ́ràn àwòrán ìyàwó mi, kí ọmọ mi má bàa fi mí sílẹ̀. Alaalẹ́ ni mo ń gbà á. Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́.” Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Armelle. Ó ní, “Ìwọ ńkọ́?”

Armelle la ẹnu. Mo rò pé á sọ ọ́. Mo tiẹ̀ ń retí rẹ̀, kí ẹrù náà lè fúyẹ́ lọ́rùn èmi náà.

“Mi ò ṣe nǹkan kan, Màmá.”

Ó ṣẹ́rí padà. Mo tẹ̀ lé e. Eré ló sá dé ilé mi, ó sì ti gbé àwòrán náà kúrò lára ògiri kí n tó wọlé. Mo ní kí ló fẹ́ ṣe. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Àǹtí. Ẹ ní ó jọ pé ẹnì kan gbé wọn kalẹ̀ tó jáde lọ. Èmi ni mo fi àwòrán yìí ya Gildas jáde nílé.” Mo ní kó má ya wèrè, mo ní awọ ẹran ni, kò ju awọ ẹran lọ, mo sọ gbogbo ohun tí ọlọ́gbọ́n máa ń sọ. Kò gbọ́. Ó fi orúnkún rẹ̀ ṣẹ́ igi tó di aṣọ náà mú, ó sì tì í sínú ààrò. Òróró inú ọ̀dà jẹ́ kí iná tètè gbà á. Fìtílà yẹn pọ́n, ó dúdú, ó sì ká kò. Èmi tí mò ń pè é ní wèrè yìí náà ni mo mú igi iná, mo ti apá tó kù síta wọlé kó lè jóná dáadáa. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò sí lórí omi lọ́jọ́ náà ló lè bá mi wí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Fauvette wọlé tòun ti gbogbo ìgbòkun rẹ̀. Kò sí ẹni tó fara pa nínú wọn. Mathurin tèmi tiẹ̀ ti sanra. Èbúté La Rochelle ni wọ́n ti lọ ta ẹja kí ìjì tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń jẹ ìṣáwùrú nígbà tí àwa ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wa ní èbúté. Wọ́n ta wáyà sí wa, àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ lẹ́tà kò lè rékọjá, Lorient ni wáyà náà há sí. Bí a bá ṣírò rẹ̀, inú òtẹ́ẹ̀lì ni Gildas ti ń sùn nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń sun àwòrán. Mo sọ èyí fún Armelle, mo tún un sọ. Ó ní, “Afẹ́fẹ́ tó gbé wọn wọ La Rochelle, ṣé ẹ mọ ẹni tó rán an?” Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ló ti ń jáde báyìí. Ó kúnlẹ̀ fún Màmá Katell lọ́jọ́ náà gan-an, ó jẹ́wọ́. Màmá ní, “O ti sun ún? Ó ti parí nìyẹn, ọmọ mi.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é lọ́mọ.

Gildas kò mọ nǹkan kan nípa àwòrán tó jóná. Ó gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ wé bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbà ni, wọ́n lù ú pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ tó tírè ńlá. Ó ti bá bàbá ayàwòrán kan pàdé ní La Rochelle, ó sì ro ẹjọ́ aṣọ àti pákó fún un. Bàbá náà ní láyé àtijọ́ orí bàbà ni àwọn ọ̀gá ń ya irú rẹ̀ sí: kò nílò àtè, iyọ̀ kò sí nínú rẹ̀, kí wọ́n ṣáà fi áyù tí wọ́n gé sí méjì ra á lójú kí ọ̀dà lè dì mọ́ ọn. Ó kù díẹ̀ kí Madame Ropartz ṣí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Gildas ní kí Armelle bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Armelle gbé bàbà náà lé itan, ó fọwọ́ pa á. Ó ní, “Ìgbà wo lẹ tún ń ṣíkọ̀?” Gildas ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Armelle ní, “Ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé.”

Nígbà tí wọ́n dé, òtẹ́ẹ̀lì ti ṣí, Madame ti gbé àwòrán màlúù àti òkè kọ́ síbẹ̀. Ó ṣì ránṣẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún ránṣẹ́ sí i. Ìgbà òtútù tí Gildas wà nílé, Armelle á ní òun kò lè yàwòrán, pé ọkọ̀ náà ṣì wà lórí omi ní èbúté. Ọmọ dé, wọ́n bí obìnrin, wọ́n bí Yann tẹ̀ lé e. Bàbà náà wà lára ògiri ìdáná, Sátidé gbogbo ló ń fi eérú àti ọtí kíkan fọ̀ ọ́ títí á fi dán.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Màmá Katell dùbúlẹ̀ àìsàn. Ibùsùn rẹ̀ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Mo wá kí i lọ́sàn-án kan, mo bá a tó ti dìde, ó fara ti ògiri. Ó ti gbé bàbà náà kúrò lára ògiri. Ó ti gbé fìtílà, okùn àti ìwọ̀ Gildas sórí tábìlì, ó ti gé áyù sí méjì. Armelle wọlé láti oko.

Màmá ní, “Jókòó. Yà á. Mo fẹ́ rí i kí n tó lọ. Èmi ni mo ní kó o yà á.”

Armelle rẹ́rìn-ín músẹ́, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. Ó ní, “Gildas wà lókun, Màmá.” Ó kó okùn, ó kó ìwọ̀, ó gbé fìtílà padà sórí ìṣó rẹ̀, ó sì mú korobá jáde lọ pọn omi.

Màmá Katell jókòó sídìí tábìlì náà, ó bú sẹ́kún. N kò rí i kó sunkún rí, àní lọ́dún tí òkun gbé ọkọ rẹ̀ lọ.